Ẹ̀yìnkùlé Tí Ẹyẹ Lè Bà Sílẹ̀ Jẹun

 

Ohun tẹ́ ẹ ní kí n wá sọ ni bí ẹyẹ ìgbẹ́, àwọn tó ń ṣa oúnjẹ wọn nílẹ̀, yóò ṣe máa wá sí ẹ̀yìnkùlé wa láìbẹ̀rù. Iṣẹ́ tó dùn mọ́ mi ni. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ẹyẹ ní Benin, ọgbà Pendjari àti ọgbà W tó wà lápá àríwá ni wọ́n máa ń dárúkọ, níbi tí àwọn àlejò ti ń jókòó sínú mọ́tò wo ẹranko. Ẹyẹ tó ń ṣa ọkà bàbà nídìí odó ìyá àgbà ní ìlú Gouka níbí, ta ló ń sọ tiẹ̀? Ní 2019, Françoise Dowsett-Lemaire àti Robert Dowsett tẹ ìwé kan jáde lórí àwọn ẹyẹ Benin àti Togo, wọ́n sì wo orílẹ̀-èdè méjèèjì láti etí òkun títí dé òkè. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń sọ ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan wà fún wa. Bí ẹyẹ ṣe ń bá wa gbé lẹ́yìn ilé ìdáná, àwa tí a ń gbé ibẹ̀ la gbọ́dọ̀ mójú tó o.

Ẹni tẹ́ ẹ bá bi ní ohun tó ń fa ẹyẹ wá sílé, oúnjẹ ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ wà nílẹ̀ káàkiri ìlú yìí. Ibi tí wọ́n ti ń pa sóyà, ibi tí wọ́n sá àgbàdo sí, ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ ọkà bàbà, ibi tí àwọn oníṣòwò ti ń wọn ẹ̀pà, hóró kì í wọ́n níbẹ̀. Tó bá jẹ́ oúnjẹ nìkan ni, kò sí àgbàlá kan ní Gouka tí àdàbà kì bá ti kún. Síbẹ̀, ẹ ó rí ilé méjì tó fara kanra, tí ẹyẹ ń rọ́ wọ ọ̀kan láràárọ̀, tí kò sì bà sí ìkejì rí. Ilẹ̀ ló fa ìyàtọ̀ náà. Ẹyẹ tó ń jẹun nílẹ̀ ti sọ ìyẹ́ rẹ̀ di aláìwúlò fún ìgbà díẹ̀. Orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ológbò wà lápá kan, àwòdì wà lókè, ọmọdé wà lẹ́yìn ògiri. Kó tó gbé ẹnu lé hóró kan, ó ti wo bí yóò ṣe sá. Ilẹ̀ tí kò bá rí ọ̀nà àsálà níbẹ̀, ẹ da àpò àgbàdo kan síbẹ̀, kò ní í bà.

Ta ni àwọn ẹyẹ tí mò ń sọ? Àdàbà ni àgbà wọn. Oríṣi rẹ̀ pọ̀ lágbègbè Bantè àti Savalou, àmọ́ èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú ilé ni èyí kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ tó ní tótòtó dúdú lọ́rùn níwájú, tí ohùn rẹ̀ dà bí ẹ̀rín. Ẹyin méjì ló máa ń yé sórí ìdì igi gbígbẹ tó fẹ́lẹ́ débi pé èèyàn lè máa rí ẹyin láti ìsàlẹ̀. Tọkọtaya ló jọ ń sàba, àwọn méjèèjì ló sì ń pèsè ohun kan bíi wàrà nínú àpò ọ̀fun wọn tí wọ́n fi ń bọ́ ọmọ. Ológoṣẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí ń fò káàkiri ẹsẹ̀ wa bí ẹni tó ń san owó ilé. Lẹ́yìn ìlú, lórí oko iṣu tí wọ́n ti wú, àparò wà. Àwọn àgbà ní gbogbo àparò ló ga dọ́gba, àfi èyí tó bá gun orí ebè, ẹni tó bá sì ti jí dé oko iṣu ní Gouka yóò ti rí èyí tó gun orí ebè náà, tó ń ké kíkankíkan bí oòrùn ṣe ń yọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ẹyẹ kan tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀ lójú. Ó tóbi ju àtàǹpàkò ọkùnrin lọ díẹ̀, akọ rẹ̀ pupa láti orí dé àyà, abo rẹ̀ jọ ilẹ̀, pupa díẹ̀ wà lójú rẹ̀. Lagonosticta senegala ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Inú ilé wa gan-an ló fẹ́ràn, ó lè kọ́ ìtẹ́ sínú ihò ògiri tàbí sábẹ́ òrùlé koríko. Hóró koríko tó kéré bí iyanrìn ni oúnjẹ rẹ̀, ilẹ̀ ló sì ti ń ṣa gbogbo rẹ̀. Ẹyẹ dúdú kan tó ń dán wà tó ń tẹ̀ lé e kiri. Abo ẹyẹ dúdú yìí kì í kọ́ ìtẹ́, inú ìtẹ́ ẹyẹ pupa yìí ló máa ń yé ẹyin tirẹ̀ sí. Bí ọmọ rẹ̀ bá là, ẹnu rẹ̀ ní àmì kan náà tó wà lẹ́nu ọmọ onílé, onílé á sì bọ́ gbogbo wọn pọ̀. Ọmọ àlejò yóò kọ́ orin bàbá tó tọ́ ọ; bó bá dàgbà tó fẹ́ fa abo mọ́ra, orin yẹn ni yóò máa kọ. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ lórí ògiri ilé ìdáná, níbi tí à ń gbé agbada kọjá. Ẹni tó bá gba ẹyẹ pupa láàyè ti gba ẹyẹ dúdú pẹ̀lú.

Òwe kan wà tó ní àdàbà kò náání à ń kùngbẹ́. Iná ń jó, ẹyẹ ń lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń dáko nígbà ọyẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì iná náà. Àdàbà ti padà. Ó wà lórí eérú, ó ń ṣa hóró tí koríko gígùn ti bò mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tó wá wá síbẹ̀ ni ilẹ̀ tó ṣí sílẹ̀, níbi tí hóró ti hàn síta tí ọ̀tá kò sì ní ibi ìfarapamọ́. Láti inú èyí la ti lè kọ́ bí a ó ṣe tọ́jú ẹ̀yìnkùlé, láì dáná sun ohunkóhun.

Ẹ wá ibi kan tó tó ẹní méjì, tó jìnnà díẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ gbá a kó mọ́, kí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ hàn. Ilẹ̀ lásán ni mo ní o. Mo ń rí i pé bí èèyàn bá ti rí owó kájú báyìí, ohun tó kọ́kọ́ ń ṣe ni kó fi sìmẹ́ǹtì rọ gbogbo àgbàlá. Ẹyẹ tó ń jẹ hóró kò ní eyín. Òkúta wẹ́wẹ́ àti iyanrìn tó bá gbé mì ló ń lọ ọkà nínú iwe rẹ̀, bí ó ti rí nínú iwe adìyẹ tí ẹ̀yin ìyá wa ń là. Ológoṣẹ́ àti àparò a tún máa fi erùpẹ̀ gbígbẹ wẹ ara wọn kí iná lè kúrò nínú ìyẹ́ wọn. Sìmẹ́ǹtì kò fún wọn ní ọ̀kankan nínú èyí. Àwa tí ìtàn wa so mọ́ Ilé-Ifẹ̀ gbọ́ láti kékeré pé adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ló tan erùpẹ̀ tó fi di ilẹ̀ ayé. Ó yẹ kó ká wa lára láti rí ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ẹyẹ kankan kò lè tan mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo etí ibi tẹ́ ẹ gbá. Igbó kékeré kan gbọ́dọ̀ wà nítòsí tí ẹyẹ lè sá wọ̀ bí ẹ̀rù bá bà á: ìtàkùn lára ọgbà, igi ọsàn tí ẹ̀ka rẹ̀ wálẹ̀, tàbí òkìtì ẹ̀ka kájú tí wọ́n ti gé. Kó má súnmọ́ jù o, nítorí ológbò mọ ibi tí wọ́n ń lúgọ sí. Mítà méjì tàbí mẹ́ta ló dára lójú mi: ẹyẹ lè fò dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ológbò kò lè fò láti ibẹ̀ bà lé e. Ẹ tún fi ọ̀wọ́ koríko kan sílẹ̀ lẹ́bàá ọgbà, kí eéran àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè so. Èyí ni ohun tí ó nira jù láti bẹ̀ yín, mo mọ̀. Ní ilẹ̀ wa, ẹ̀yìnkùlé tí koríko wà ni wọ́n ń pè ní ti ọ̀lẹ. Àmọ́ koríko tó so ni àká oúnjẹ tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, àwọn ẹyẹ kéékèèké kò sì ní oúnjẹ mìíràn tó bá ẹnu wọn mu tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ koríko yìí ló mú mi lọ́kàn jù nínú gbogbo ohun tí mo wá sọ. Àdàbà kan wà ní Yúróòpù tó máa ń fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà lọ́dọọdún láti wá lo ìgbà òtútù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láti Senegal dé Mali. Ìbátan àdàbà tiwa ni. Nígbà àtijọ́, hóró koríko oko ló ń jẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ wá fi oògùn apakoríko pa gbogbo koríko inú ọkà wọn, oúnjẹ rẹ̀ tán. Àwọn tó wádìí ọ̀rọ̀ náà rí i pé láàárín àwọn ọdún 1960 àti òpin àwọn ọdún 1990, iye ìgbà tí tọkọtaya kan ń yé ẹyin lọ́dún ti dín sí bí ìdajì. Láti 1994, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti pòórá ní Bìrìtéènì, ní 2015 wọ́n sì kọ ẹyẹ náà sínú ìwé àwọn tó wà nínú ewu lágbàáyé. Láti 2012 ni wọ́n ti dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n pè ní Operation Turtle Dove, tí wọ́n ń bẹ àwọn àgbẹ̀ pé kí wọ́n gbin koríko oníhóró padà, kí wọ́n sì máa da ọkà sílẹ̀ fún un. Ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn pa ni wọ́n ń fi owó rà padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ike oògùn kọ́ ẹ̀yìn lọ sábẹ́ kájú nísinsìnyí, tẹ́ ẹ sì ń fi èyí tó kù fọ́n ẹ̀yìnkùlé kẹ́ ẹ má baà ro ó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìnkùlé yẹ̀ ẹ́. Ọkọ́ kò pa hóró tó wà nínú ilẹ̀. Kòkòrò tó wà nínú koríko náà ni ọ̀pọ̀ ẹyẹ fi ń bọ́ ọmọ, nítorí yàtọ̀ sí àdàbà, ọ̀pọ̀ ẹyẹ tó ń jẹ hóró pàápàá ń wá ikán àti kòkòrò fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là.

Bí ilẹ̀ bá ti rí bẹ́ẹ̀, omi ló kàn, kì í ṣe oúnjẹ. Ẹyẹ tó ń jẹ kòkòrò ń rí omi nínú ẹran tó ń jẹ. Ẹyẹ tó ń jẹ hóró gbígbẹ kò rí i níbì kankan, ó ní láti mu omi lójoojúmọ́. Láti oṣù kejìlá dé oṣù kejì, tí odò kéékèèké ti gbẹ tí ọyẹ́ sì ń ya ètè wa, àwo omi kan ń fa ẹyẹ ju agbọ̀n ọkà lọ. Àwo amọ̀ tí kò jinlẹ̀, tí inú rẹ̀ kò dán, ló dára jù. Kí omi má ju ìwọ̀n ìka méjì lọ, ẹ sì fi òkúta kan sí àárín. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ wò ó dáadáa nígbà tí wọ́n bá wá. Ẹyẹ pupa yóò bu omi, yóò gbé orí sókè kó tó gbé e mì, bíi ti adìyẹ. Àdàbà yóò ti ẹnu bọ omi, yóò fà á títí yóò fi yó, kò ní gbé orí. Ẹ máa da omi náà nù láràárọ̀, kẹ́ ẹ fọ àwo, kẹ́ ẹ pọn tuntun. Omi tó bá dúró ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ẹ̀fọn ni yóò fi bímọ, ibà inú ilé yìí sì ti tó wa.

Wàyí o, oúnjẹ. Ọkà bàbà dára, àgbàdo tí wọ́n fọ́ wẹ́wẹ́ dára, èérún tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ẹ bá ti fẹ́ ọkà tán ló dára jù fún àwọn kéékèèké. Ẹ̀kúnwọ́ kan láàárọ̀, tí wọ́n lè ṣa tán kí oòrùn tó mú, ti tó. Ẹ má ṣe fi ohun tí iyọ̀ wà nínú rẹ̀ fún wọn. Àgbàdo tó ti bu, tẹ́ ẹ rò pé kò dára fún èèyàn mọ́, kò dára fún ẹyẹ náà: májèlé tó ń wà nínú rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní IITA tó wà ní Abomey-Calavi sì ti ṣiṣẹ́ lé e lórí gan-an nínú àgbàdo ilẹ̀ wa. Irúgbìn tí wọ́n fi oògùn pa láró pupa, tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ìfúnrúgbìn, kò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé rárá. Ikú ni.

Mo ní láàárọ̀, mo sì ní kó tán. Ìdí rẹ̀ le. Hóró tó bá sùn nílẹ̀, eku ni yóò jẹ ẹ́, eku sì ń pe ejò. Èyí tó tún burú ju ejò lọ ni ibà Lásà, tí irú eku kan tí wọ́n ń pè ní Mastomys ń gbé kiri nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Ó ti pa èèyàn ní orílẹ̀-èdè wa: ní Tanguiéta ní 2014, ní Tchaourou ní 2016, Tchaourou kò sì jìnnà sí wa. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí hóró ṣì wà, ẹ gbá a, ẹ kó o dànù. Ẹni tí kò bá ní àyè láti gbá a lálẹ́, kó fi omi àti koríko mọ. Ẹyẹ yóò ṣì wá.

Àìsàn tún wà láàárín àwọn ẹyẹ fúnra wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé ti ń bọ́ ẹyẹ, àrùn ọ̀fun kan tó wọ́pọ̀ lára ẹyẹlé àti àdàbà bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹyẹ kékeré aláwọ̀ ewé kan láti 2005. Orí àwo oúnjẹ àti omi tí wọ́n jọ ń lò ni wọ́n ti ń kó o ran ara wọn. Ní 2021, ẹyẹ tó ti wà nínú gbogbo ọgbà tẹ́lẹ̀ di èyí tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn tó wà nínú ewu jù ní orílẹ̀-èdè náà. Àánú ló pa wọ́n, nítorí kò sí ìmọ́tótó nínú rẹ̀. Oòrùn tiwa ń ràn wá lọ́wọ́, nítorí kòkòrò àrùn yẹn kì í pẹ́ láyé níbi gbígbẹ. Ẹ máa ṣí ibi tẹ́ ẹ ń da ọkà sí kiri lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ gbá èyí tẹ́ ẹ fi sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí oòrùn pa á. Ẹ sì fi ọgbà ya ibẹ̀ sọ́tọ̀ sí ibi tí adìyẹ àti ẹtù ilé ti ń jẹun, nítorí àrùn adìyẹ ń lọ láti ọ̀dọ̀ kan sí èkejì. Ẹ rántí àrùn adìyẹ H5N1 tó wọ Benin ní òpin 2007. Ẹyẹ tẹ́ ẹ bá bá ní òkú, ẹ má fi ọwọ́ lásán gbé e, ẹ má sì sè é.

Mo gbọ́ tí bàbá kan ń kùn níwájú níbí, mo sì mọ ohun tó fẹ́ sọ: ẹyẹ tí à ń fi ọmọ ṣọ́ lóko, a ó tún máa pè é wá sílé? Ẹ jọ̀wọ́, bàbá, ẹ jẹ́ ká ya wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ̀gà tó ń gun orí àgbàdo àti ọkà bàbà tó ṣì dúró, tó ń ya imọ̀ ọ̀pẹ, kì í ṣe òun là ń pè. Àdàbà àti ẹyẹ pupa ń ṣa èyí tó ti bọ́ sílẹ̀. Òótọ́ ni pé àparò àti àdàbà ń hú irúgbìn tuntun nígbà mìíràn, nítorí náà ẹni tí oko rẹ̀ bá wà lẹ́yìn ilé gan-an kó dáwọ́ dúró ní àkókò ìfúnrúgbìn. Nígbà ọyẹ́ tí ọkà ti wọ àká tán, wọn kò gba nǹkankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ kejì wúwo, wọn kì í sì í sọ ọ́ sókè. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí ẹyẹ bá ń pọ̀ lẹ́yìn ilé ìyá arúgbó kan, ẹnu ayé yóò pè é ní ẹlẹ́yẹ. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin nìkan lẹ lè gbọ̀n ẹ̀rù yìí kúrò. Bí àgbàlá ààfin bá ní àwo omi ẹyẹ, bí ilé-ìwé bá ní, bí ilé pásítọ̀ àti ilé àlùfáà bá ní, kò sí ìyá tí wọn yóò nàka sí.

Àwọn ọmọkùnrin, ẹ̀yin ni mo fi sẹ́yìn. Mo rí rọ́bà tó wà lọ́rùn yín, èyí tẹ́ ẹ fi ń ta ẹyẹ. Òfin orílẹ̀-èdè wa lórí ẹranko igbó wà láti 2004, àwọn òṣìṣẹ́ Eaux et Forêts ló sì ń mójú tó o, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin ni mo fẹ́ fi bá yín sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá da ọkà sílẹ̀ kí ẹyẹ lè bà, tó wá ta á ní òkúta, tàkúté ló dẹ. Àwọn àgbà tó ń dẹ àtè kì í purọ́ pé àwọn ń ṣe ẹyẹ lóore. Ẹ bá ara yín dá májẹ̀mú: ẹ̀yìnkùlé tí àwo omi bá wà, a kì í ta ẹyẹ níbẹ̀. Ẹ yan ọ̀kan nínú yín kó máa kọ iye tó wá láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ sínú ìwé, pẹ̀lú àwọ̀ wọn. Bí ẹ bá ń kọ ọ́ láti ọyẹ́ yìí dé ọyẹ́ tó ń bọ̀, ohun tí kò sí nínú ìwé kankan nípa Gouka yóò wà lọ́wọ́ yín.

Kí a bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí ló dára jù, kí omi odò tó gbẹ tán. Ọjọ́ mélòó kan lè kọjá kí ẹyẹ kankan tó bà, nítorí wọ́n ń wo ìwà ilé kí wọ́n tó gbà á gbọ́. Ẹ máa pa omi dà, ẹ má ṣe gbé àwo rẹ̀ kúrò níbi kan náà. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tí èsúnsún bá ya jáde nínú ilẹ̀, ẹ dín ọkà kù, kẹ́ ẹ dá a dúró pátápátá nígbà tí koríko bá bẹ̀rẹ̀ sí í so. Omi nìkan ni kẹ́ ẹ má mú kúrò.  Bàbá tó ń kùn lẹ́ẹ̀kan, ọ̀dọ̀ yín ni mo fẹ́ ti kọ́kọ́ gba ìbéèrè.